Ìwé Òmìnira Tó Di Aṣọ

Inú Ọkọ̀ Delphine,
Etídò New Orleans,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 1859.

Ẹ̀gbọ́n mi Lucinda ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Cincinnati? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi wà láyé, mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn olówó, mo ń fọ aṣọ wọn nínú ọkọ̀ yìí bí ẹ ṣe mọ̀.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí o. Wọ́n ti ya ìwé òmìnira mi.

Hargrove ni, olóko òwú kan tó wọkọ̀ ní Memphis. Ojoojúmọ́ ló ń pariwo nídìí oúnjẹ pé kí gbogbo dúdú tó lómìnira kúrò ní Gúúsù, ilẹ̀ àwọn tó ń kó ẹrú, tàbí kí wọ́n yan ẹni tí wọn yóò ṣẹrú fún. Ló bá yíjú sí mi: "Ìwọ yìí, ta ló ni ọ́?"

Mo ní, "Ìyá tó bí mi ni, sà."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká a lára. Ó ní kí n mú ìwé mi wá, ó ya á sí mẹ́rin, ó dà á sílẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ rí i o, ó kàn tẹjú mọ́ ọbẹ̀ tirẹ̀ ni.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún dúdú tí kò níwèé níbí: ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn náà ọjà ẹrú. Dorcas, alásè ọkọ̀ wa, ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ní Vicksburg, kí n wá ọkọ̀ tó ń padà sílé. Mo ní láéláé! Ọdún mọ́kànlá ni bàbá wa fi la igi kó tó ra òmìnira wa, èmi á wá sá nítorí ẹnu Hargrove? Mo ṣa ìwé náà nílẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ funfun.

Àárọ̀ yìí ni ọlọ́pàá wọkọ̀ wá yẹ ìwé àwa dúdú wò. Hargrove ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Àkísà nìyẹn!" Ọlọ́pàá kà á, ó dé ibi tí wọ́n kọ àpá iná ọwọ́ òsì mi sí. Mo na ọwọ́ sí i. Ẹ rántí ìkòkò gbígbóná tó jó mi lọ́jọ́ yẹn? Ó ní, "Òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ ṣì wà níbẹ̀. Gbà."

Hargrove ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó ń yan lọ. Kò tíì mọ̀ pé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó dára jù, tó gbé fún mi pé kí n fọ̀, ni mo gé tí mo rán ìwé náà mọ́. Kó tún wá ya á!

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kí bàbá wa dáadáa, ẹ ní ìwé rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ìyá wa nìkan ló ni mí,

Permelia Tandy.