Ilẹ̀ Tí Ẹ Ń Bù Ránṣẹ́ sí Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mò ń bínú sí,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Ká ní ẹ wà láyé ni, màá ti kúnlẹ̀, ẹ ó ti fọwọ́ kàn mí léjìká, ẹ ó sì bi mí bóyá mo jẹun kí n tó kúrò níbi tí mo ti ń bọ̀. Bí mo bá ní mo ti jẹun, ẹ ò ní gbà, ẹ ó ṣáà ní kí wọ́n gbé iṣu kaná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé mo ti jẹun, ara mi le, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí yín.

Mo ti kúrò ní Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà ni mo ti ń ṣe tíṣà báyìí, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ò gbọ́ èyí rí. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ ní ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àìsàn ti dá yín dùbúlẹ̀, mi ò sì fẹ́ dá kún ẹrù yín. Mò ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń pa tiyín mọ́ fún mi, àti pé tiyín ló bí tèmi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Ìyá Àgbà, èyí tó wà létí odò lójú ọ̀nà Tápà. Ìyá yín ló dá a kẹ́yìn, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ kó máa sinmi kí wọ́n tó bí mi. Igi ẹmi àti igi ayin ti gba ibẹ̀, ewé gbígbẹ sì jìn débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, tí àwọn ẹbí ń sọ pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín létí oko, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀, ẹ dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ sì ní tèmi ni, pé kò sẹ́ni tó máa fi ọkọ́ kàn án àyàfi tí mo bá ní kó fi kàn án. Mi ò bèèrè. Ẹ̀yin lẹ fún mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n wá ilẹ̀ tó ti sinmi pẹ́, kí n máa fi wé ilẹ̀ tí wọ́n ń dá lọ́dọọdún. Mo ní mo ní i. Mo wálé, mo ri èèkàn mọ́ àárín ilẹ̀ náà, mo ní ojú ibẹ̀ ni kí a ti máa bù ú, kí a má yẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó tì yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ń fi abẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín, mo sì ń ṣàlàyé fọ́sífátéèsì fún yín. Mo ní ojú lásán kò lè rí i. Mo ní ó wà nínú egungun wa, ó wà nínú ìfun ewúrẹ́, ó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, ó sì wà nínú ilẹ̀, níbi tí àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń gbé inú ewé jíjẹrà ti ń ṣe é. Oúnjẹ tí iṣu ń wá há sínú ewé tó ti kú, bí ẹkùrọ́ ṣe há sínú èèpo. Fọ́sífátéèsì ni òkúta tí ilẹ̀ fi ń pa á. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ dúpẹ́ pé ẹ ti wá mọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó ti ń bá yín roko látọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi mí bóyá iná lè pa á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iná ń pa á. Ẹ padà sídìí èékánná yín.

Nítorí pé mi ò lè máa wálé lóṣooṣù, ẹ ní ẹ̀yin ni ẹ ó máa bù ú ránṣẹ́. Agolo tíì ni ẹ ń bù ú sí, ẹ ó fi aṣọ tútù wé e kó má baà gbẹ, bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe é, ẹ ó sì fi okùn so ó ní kókó méjì-méjì kí ẹ tó gbé e fún dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ìbàdàn. Mo mọ kókó yẹn. Òun náà lẹ fi ń di òwú sí mi lórí lẹ́yìn ikú Màámi, nígbà tí ẹ ò jẹ́ kí ẹlòmíràn dirun fún mi, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń fi orí mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ẹrù igi. Mi ò jẹ́ kí ẹnì kankan bá mi tú agolo náà ní ilé ìwádìí. Èmi ni mo máa ń tú u.

Ẹ ì bá rí i bó ṣe ń rí nígbà náà, Bàbá. A ó bu ilẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, a ó da oògùn kan tí kò ní àwọ̀ lé e, a ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Tí fọ́sífátéèsì bá wà níbẹ̀, á já oògùn náà sí méjì, tí a bá sì sẹ́ ẹ tán, omi rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Tiyín pọ́n débi pé ọ̀gá mi pe àwọn tó wà ní yàrá kejì wá wò ó. Mo ń fi yín yangàn bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ po àwọ̀ náà.

Lẹ́yìn ọyẹ́, agolo yín dé. Aṣọ kan náà, kókó kan náà. Omi náà kò pọ́n. Ó kàn ṣe ràndanràndan bí omi tí èèyàn fi ṣan ọwọ́ lẹ́yìn tó mu ọsàn. Mo rò pé oògùn ló bàjẹ́, mo po òmíràn. Mo rò pé ìgò ni kò mọ́, mo fọ ìgò títí ọwọ́ mi fi bó. Agolo oṣù kejì dé, bákan náà ló rí. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí wò mí. Ó bi mí bóyá mo fọwọ́ ara mi po àwọ̀ àwọn tó pọ́n nígbà àkọ́kọ́ yẹn ni. Ó ní ilẹ̀ tó ń sinmi kì í ṣàdédé kú, kí n lọ bèèrè nílé.

Mo bèèrè. Ṣé ẹ rántí? Ọdún Àjíǹde ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, agbádá funfun yín ṣì wà lọ́rùn yín. Délé àbúrò mi, sójà tó ti ojú ogun padà wálé kí ọyẹ́ tó dé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń jẹ iṣu. Mo kúnlẹ̀, mo bi yín bóyá ọdẹ kan ti dáná sun ilẹ̀ Ìyá Àgbà nítorí eku, bóyá ohunkóhun ti ṣe é. Ẹ wo ojú mi.

“Ilẹ̀ rẹ wà bó ṣe wà,” lẹ wí.

Mo ní ká jọ lọ wò ó. Ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, ejò ti pọ̀ níbẹ̀, kí n jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Délé kò gbójú sókè kúrò lórí iṣu rẹ̀.

Mo padà sí ilé ìwádìí, mo sì sọ níwájú ọ̀gá mi àti gbogbo wọn pé kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀ náà, nítorí bàbá mi kì í purọ́. Ẹ ronú sí i, Bàbá. Tí kì í bá ṣe ilẹ̀, èmi ni. Èmi ni wọ́n sì mú. Wọn ò pè mí ní òpùrọ́ lójú mi. Wọ́n kàn ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ṣe é gbọ́kàn lé, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sípò mi. Ó pẹ́ tí mo fi ń wo ọwọ́ mi méjèèjì tí mò ń rò pé àwọn ló dà mí.

A sin yín tán, àlejò tú ká. Mo ní kí Délé sìn mí lọ sí ilẹ̀ Ìyá Àgbà, mo fẹ́ jókòó díẹ̀ níbi tí ẹ ti da ilẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ó fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi dé ibẹ̀. Ebè ni mo rí. Ebè tábà láti etí ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀, àti ahéré tí wọ́n ti ń fi iná mú ewé tábà gbẹ, àti kùkùté igi ẹmi tó ti jó dúdú.

“Àǹtí mi, ṣé Bàbá ò sọ fún yín ni?” Délé ló ń bi mí bẹ́ẹ̀.

“Kí ni kí wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní kí n má dá sí i, pé àwọn fúnra wọn láwọn máa sọ ọ́ fún yín. Ìgbà tí mo ní mo fẹ́ máa lọ Èkó ni wọ́n ní kí n dúró, káwọn fún mi nílẹ̀. Ilẹ̀ tó ti sinmi làwọn tó ń ra tábà ń fẹ́. Bàbá gan-an ló ṣáná sí i, Àǹtí. Látọjọ́ Àjíǹde yẹn, mo rò pé wọ́n ti sọ ọ́ fún yín.”

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Kì í ṣe nítorí ilẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ká ní ẹ pè mí, ká ní ẹ sọ pé ọmọ yìí fẹ́ lọ, pé ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ ò ní rí i mọ́, ṣé mi ò ní ní kó máa dá a ni? Nígbà tó wà lójú ogun, ta ló ń bá yín jí gbàdúrà lórí fóònù? Ẹ ò bi mí. Ẹ wò ó pé ọmọkùnrin ti dé, ẹ sì mú tèmi fún un. Ohun tí àwọn ẹbí ń sọ látijọ́ nìyẹn, mo sì ń fara dà á nítorí pé kò jáde lẹ́nu yín rí. Àṣé ó wà níkùn yín. Ó dùn mí, Bàbá, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó ku ohun kan tí mi ò rí ẹni bi. Nísàlẹ̀ oko náà, lẹ́yìn ọ̀gán, igi ìyeyè kan ṣì dúró, ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Iná kò dé ibẹ̀. Délé ní ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo wá bi í níbo ni ẹ ti ń bu ilẹ̀ tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi. Ó nawọ́ sí àárín ebè. Èèkàn mi ni mo rí níbẹ̀, ó ti jó dé ìdajì. Ó ní ibẹ̀ náà ni ẹ ń lọ lóṣooṣù, ẹ ò jẹ́ kí òun bá yín bù ú, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé yín dáadáa mọ́.

Abẹ́ ìyeyè yẹn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wá láti ilé gbà, Bàbá. Ẹ ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí ẹ tó dé ìdí èèkàn. Ká ní ẹ bù ú níbẹ̀ ni, omi mi ì bá pọ́n, iṣẹ́ mi ì bá wà lọ́wọ́ mi, n kì bá sì mọ̀ láéláé. Ẹ sì mọ̀ pé iná ń pa á, ẹ̀yin lẹ bi mí. Kí ló dé tí ẹ kọjá? Ṣé torí mo ní kí a má yẹ ojú ibẹ̀ ni, tí ẹ wá pa àdéhùn tó kéré mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ba èyí tó tóbi jẹ́? Àbí ohun tí ẹnu yín kò lè sọ ni ẹ ń di sínú agolo?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé ìwádìí bá mi wá oògùn náà díẹ̀. Mo bu ilẹ̀ lábẹ́ ìyeyè, mo ṣe é níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Èrúwà, ó sì pọ́n bíi ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi dára. Délé ti gbà pé igun yẹn tèmi ni, kò ní kọ ebè dé ibẹ̀. Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ rán ilẹ̀ yẹn níṣẹ́, kí ẹ mọ̀ pé ó jẹ́ ẹ. Lóṣooṣù ló ń wá, lóṣooṣù ló ń sọ òtítọ́ fún mi. Èmi ni mo ń dà á nù, nítorí ẹ ti wo ojú mi, mo sì gbà yín gbọ́ ju ilẹ̀ lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń so agolo ní kókó méjì-méjì.