Ìwé Iná Ilé Ìsọlọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Olúyínká,

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já: iná gbé Bímpé ọmọ mi nínú ilé tí a fẹ́ rà ní Ìsọlọ̀. Ó ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń dùn ún. Ẹ kú ọyẹ́ Kàdúná. Ẹ bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Ògiri lásán ni Bímpé fọwọ́ kàn. Mo wá bi Bàbá Ògúnjìmí, onílé, ará Ìkọ̀lé bíi ti ọkọ mi, pé níbo ni ìwé àyẹ̀wò wáyà ilé náà wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, ṣé ìwé ló ń tan iná ni?" Ọkọ mi ní mo dójú ti òun, pé ọmọ Ìkọ̀lé kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ àgbà Ìkọ̀lé.

Ìparí oṣù ló fẹ́ sanwó. Tiyín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ kọ̀wé sí i pé kó rí ìwé náà ná kó tó sanwó. Olúwa yóò ṣọ́ ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Àbúrò yín,
Olúfọlákẹ́