Ẹni Tó Di Ẹ̀yìn Mi Mú Lórí Bọ́ọ̀lù Ìrọbí

Harlingen,
Ilẹ̀ Họ́láńdì.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí ọwọ́ yín ò ti lè fà mí dìde. Ṣé ara yín le? Bàámi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gba ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Èmi náà wà, mo ń jẹun, mo sì ń sùn nígbà tí ọmọ bá gbà kí n sùn. Ẹ ti gbọ́ lórí fóònù pé mo ti sọ̀ láyọ̀, pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe lọ gan-an.

Lọ́jọ́ tí ẹ sọ pé Bàámi ṣubú, pé ẹ ò ní lè wá mọ́, mo ní, “Kò burú, Màámi.” Ó burú. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo jókòó sórí bọ́ọ̀lù tí mo sunkún. Ẹ ó ní bọ́ọ̀lù wo? Bọ́ọ̀lù ìrọbí ni, Froukje agbẹ̀bí mi ló yá mi. Atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀, ó sì tóbi débi pé kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wa àfi kí èèyàn tì í. Aboyún tó ti súnmọ́lé á jókòó lé e, á ya ẹsẹ̀, á tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, á wá máa yí ìdí jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ ata. Nígbà tí oyún wọ ìparí, àga kọ̀ mí, bẹ́ẹ̀dì kọ̀ mí, bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ló gbà mí. Froukje ní yóò bá mi gba ìwúwo kúrò ní ìbàdí, kí orí ọmọ lè rọ́nà wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé, “Bọ́ọ̀lù ò lọ́wọ́ o. Wá ẹni tí yóò wà lẹ́yìn rẹ.” Ẹ̀yin ni mo ti fi sí ẹ̀yìn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, Màámi.

Wytse ọkọ mi wà lójú òkun, lórí ọkọ̀ tó ń wa iyanrìn. Ìyá rẹ̀ ló kù nítòsí. Orúkọ ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá ọkọ níbí, ẹ má bínú. Bí mo bá pe tèmi ní “Màmá,” wọ́n á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wọlé. Nínú lẹ́tà yìí, Ìyá Wytse ni n ó máa pè wọ́n. Àdúgbò kan náà la wà, síbẹ̀ látìgbà tí Wytse ti lọ, wọn ò yà rí. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé tí wọ́n bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n á juwọ́ sí mi, wọ́n á kọjá. Èmi náà á juwọ́ lórí bọ́ọ̀lù mi, n ó sì máa sọ nínú ara mi pé, obìnrin yìí ò fẹ́ràn mi.

Ọmọ ò dúró de Wytse. Láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan ni ìrọbí mú mi, ẹ̀yìn ló sì mú jù. Froukje dé, ó yẹ̀ mí wò, ó ní nǹkan ń lọ dáadáa. Ó wá wò yíká yàrá.

“Ta ló ń dúró tì ẹ́?”

Mo ní kò sí ẹnì kankan.

“Ìyá Wytse ńkọ́?”

“Wọn ò wá.”

“Ṣé o pè wọ́n?”

Mo gbé ojú lọ sí fèrèsé.

“O ò pè wọ́n, o sì ń retí wọn. Ṣé wòlíì ni wọ́n ni?”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi, Màámi. Ẹ̀gbọ́n ò gbọdọ̀ yà sílé àbúrò níbí láìjẹ́ pé wọ́n jọ dá ọjọ́. Mo ti mọ àṣà yìí látìgbà tí mo ti wá kàwé níbí, àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé ń ṣe é. N kò kàn rò pé ó kan ìyá. Mo rò pé ìyá kì í dúró de ìpè.

Mo pè wọ́n. Mi ò tíì rí ibi tí mo máa gbé fóònù sí tí wọ́n fi dé, irun wọn tutù, wọ́n wọ aṣọ òjò bàbá Wytse tó gùn dé kókósẹ̀. Wọ́n gbé báàgì kan dání, ìbọ̀sẹ̀, òróró ìpara àti ẹ̀wù àwọ̀sùn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti pẹ́ tí báàgì yìí ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní bóyá ìyá ẹ nìkan lo fẹ́.”

Ìrora ò jẹ́ kí n lè parọ́. Mo ní, “Ìyá mi ni mo fẹ́.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Mo kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì, mo gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Tí ìrora bá dé, n ó mì síwájú, n ó mì sẹ́yìn, Ìyá Wytse á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi gírígírí. Ọwọ́ wọn le bíi pákó. Mo bi wọ́n níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ.

“Màlúù. Mo ti gbẹ̀bí màlúù títí ó fi sú mi.”

“Ṣé màlúù ni mí?”

“Rárá o. Màlúù kì í pariwo tó báyìí.”

Froukje rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ìrora tún dé, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n gbé mi kúrò lórí bọ́ọ̀lù lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì figbe ta: “Yéè, ìyá mi o!” Ìyá Wytse ò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn tí ọmọ bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n bi mí ẹni tí mo ń pè. Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n nu ojú mi, wọ́n ní, “Èmi náà pe tèmi nígbà tí mo ń bí Wytse. Ó ti kú nígbà náà.”

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọ aṣọ òjò wọn, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ wọn, kí n pè. Mo ní kí wọ́n má dúró de ìpè mi mọ́ láéláé. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní àwọn á gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣàì tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá báyìí, mo sì ti nífẹ̀ẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n n ó sọ òótọ́ fún yín, Màámi. Bí aago yẹn bá ti dún, kí n tó rántí ibi tí mo wà, ẹ̀yin ni mo máa ń dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún.

Kí Ọlọ́run fún Bàámi ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé wọn rìn. Kí ó dá yín sí fún wa, kí ọwọ́ yín lè kan ọmọ yìí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Àbẹ̀jẹ́.

Mo tún rántí: Wytse ti dé, ó sì ti sọ ọmọ ní Jildou. A fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ tí yóò ti ẹnu yín wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra pè é sórí fóònù, Ìyá Wytse ní àwọn fẹ́ kọ́ ọ bó ṣe yẹ.