Tíkẹ́ẹ̀tì Pọ́ọ́kú ti Àárọ̀ Túsìdé

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ooru yìí, ẹ sì kú àìfojúkànmí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbújá. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé inú wọn kò ní í dùn sí ohun tí mo fẹ́ kọ. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ ọ́ sí, kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má baà ní ẹ̀yìn àwọn ni mo gbà pè yín.

Ara mi le. Lokogoma ni mo ṣì ń gbé, Jabi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé sinimá tí mo sọ fún yín. Ìlú yìí tutù sí èèyàn, bí oòrùn rẹ̀ tilẹ̀ ń jó ni. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé inú ọgbà kan lè wò yín bí ẹni ń wo ògiri. Bí kì í bá ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Yorùbá ì bá ti gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ bi mí nígbà kan pé ta ló ń dá iye lé tíkẹ́ẹ̀tì, pé ṣé bí a bá ṣe rí ojú oníbàárà ni. Rárá o. Àwa àti ẹni tó ni fíìmù la jọ ń pín owó tó bá wọlé, nítorí náà, bí fíìmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó ni ín kì í gbà kí a dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló wọ́n jù, torí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dilẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń fà wọ́n láṣọ. Àárọ̀ Túsìdé ló pọ́ọ́kú jù. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ owó í ṣọ́, ní àga tó ṣófo dà bíi tòmátì, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la, ohun tí èèyàn bá mú wá ni kí a gbà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, a gbọ́dọ̀ gbé fíìmù náà fún un. Bí kò bá sẹ́ni, a ó pa iná.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra mi ní gbogbo Túsìdé. Táyọ̀ àbúrò mi wà nínú fíìmù kan níbẹ̀. Lọ́dún tó ń ru ẹrù ní ọjà Wuse, kí ọkọ̀ tó pa á, àwọn kan wá ya fíìmù nínú ọjà náà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé èjìká òsì, ó kẹ́yìn sí wa, ó gba ẹ̀yìn òṣèré obìnrin kan kọjá, ó tán. Kò ju kí èèyàn sín lọ.

Nígbà tó kú, wọn kò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Bàbá Àgbà kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò nílé kí ẹkún yín lè rọlẹ̀. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ojú rẹ̀ ti ń pa rẹ́ lọ́kàn yín, pé ẹ ṣì rántí imú, ẹ ò rántí ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ìyá mi, ní Sátidé tí èrò kún, ó máa ń kọjá lọ ni, bí mo ṣe sọ ọ́. Túsìdé àkọ́kọ́ tí mo dá jókòó, ó dúró díẹ̀. Mo ní ojú mi ni. Túsìdé kejì, ó yí orí padà. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé fíìmù, ohun kan náà ló sì ń gbé nígbà gbogbo. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ orí mi wú.

Mo rò pé àdánìkangbé ló ń ṣe mí. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Ladi, obìnrin Gbagyi tó ń gbálẹ̀ fún wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀, tó bi mí pé ta ni ọmọkùnrin onítòmátì yẹn ń wò. Mo ní èmi ni. Ó ní kai, kì í ṣe èmi, àga ẹ̀gbẹ́ mi ni. Mo tún wo Táyọ̀ dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Ladi kì í gbá ìlà àga yẹn mọ́.

Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bàbá Àgbà lórí fóònù, wọ́n ní kí ẹ má wá, pé òkú kì í wo èèyàn lásán. Mo gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí ju bó ṣe ń bà wọ́n lọ, torí èmi ni mo ń jókòó níbẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé lọ́fẹ̀ẹ́, mo dúpẹ́, n kò gbà á. Ní Sátidé, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Fíìmù náà ti gbó, wọn yóò yọ ọ́, Túsìdé kan péré ló kù. Mo ti ra àga méjì. Ẹ wọ ọkọ̀ Jabi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, n ó wá pàdé yín ní gáréèjì. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin lẹ ó pinnu. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ní í wá, ẹ tètè pè mí, torí n kò mọ ohun tí n ó sọ fún un.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ojú yín má rí ibi mọ́. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Àgbà kí wọ́n má bínú. Ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí ará àdúgbò. Táyọ̀ náà ń kí yín.

Èmi ọmọ yín,
Bísí