Káfíńtà Kejì Nínú Kọ̀ǹpútà

Akọ̀wé mi, ọmọ tí mo bí tó wá ń kọ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikùn rẹ̀ ṣì ń ṣáájú rẹ̀ wọlé? Àlejò kékeré tí ẹ ń retí, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ara tèmi le bí pákó gbígbẹ, ojú nìkan ló ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀.

Awò ojú tí ilé ìwòsàn ṣe fún mi ti dé, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé mi. Bí mo ṣe gbé e sójú báyìí, ìyá rẹ di méjì. Ẹyọ kan gan-an, agbára káká ni mo fi ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀! Ibùsùn tí mo ń kàn fún àlejò yẹn wá di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìkẹrin dúró lókè bí ẹni tó ń yọjú wo àjà.

Mo gbéra, ó di ilé ìwòsàn. Akọ̀wé wọn ní ìwé gbọọrọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ojú gbogbo wa wà níbẹ̀, òun sì sọ fún un pé kó wá káfíńtà àdúgbò wa, kó mú nọ́ńbà ojú rẹ̀ wá. Mo ní káfíńtà wo? Ṣebí káfíńtà méjì ló wà ládùúgbò, èmi àti Kò-Gún-Régé! Ó ní òkè ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá bá a mu ló ń mú, kì í wo ìsàlẹ̀ mọ́, orúkọ Kò-Gún-Régé ló sì wà lókè tèmi. Ọ̀lẹ ni! Mo ní kó fi kún un pé káfíńtà tó lẹ́wà. Ó ní kò sí àyè ẹwà nínú ìwé náà, kí n mú ọdún tí wọ́n bí mi wá. Mo ní ọdún tí eéṣú jẹ oko ni. Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ eéṣú.

Ohun tó wá dùn mí ni pé ogójì ọdún ni mo ti ń fi tábìlì wíwọ́ ṣe ọkùnrin yẹn ní yẹ̀yẹ́, èmi ni mo sọ ọ́ ní Kò-Gún-Régé. Àṣé ọwọ́ rẹ̀ kọ́, ojú ni! Ọjọ́ kan péré ni mo fi ojú rẹ̀ ríran, iṣẹ́ mi náà wọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbà, kí n ṣáà dá ojú òun padà.

Ìwọ lo ṣírò ọdún mi nígbà kan. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ kíákíá, kí o fi owó pákó díẹ̀ tì í, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ á máa yọ̀ bọ́ láti orí ibùsùn bàbá àgbà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Elédùmarè bá ń wá ẹni tí yóò ṣe lóore, tó bá jẹ́ òkè lòun náà ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ bá.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà kejì.