Àwòdì Tí Ìyẹ́ Rẹ̀ Pé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì láti Maiduguri níbí. Mo mọ̀ pé Bàámi á ní kí ẹ ka lẹ́tà yìí sókè; ẹ kà á sókè, ẹ má fo ibì kankan. Mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn nítorí pé àwọn tí ẹ ti fún ní ìròyìn mi pọ̀ ju àwọn tí mo lè dá lóhùn lórí fóònù.

Àǹtí Bísí sọ fún mi pé ẹ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti di òṣìṣẹ́ yunifásítì. Màámi, iṣẹ́ náà ò bọ́ sí i mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹ sì mọ bó ṣe bàjẹ́, kí ẹ má baà rò pé mo hùwà burúkú kan.

Ooru ti dé síbí. Ògiri ń gbóná títí ilẹ̀ fi ń ṣú, omi la máa ń dà sórí sìmẹ́ńtì kí a tó tẹ́ ẹní. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé Àǹtí wá sí ibí, tí ẹ ní kí n tẹ̀ lé wọn wá tọ́ ọmọ, mi ò tíì mọ́ra. Àwọn ọmọ náà, Hausa ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Bí mo bá dá sí i, wọ́n á ní mo ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mo máa ń bá wọn rín in.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí Monday Market. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Fọ́tò ìyàwó, fọ́tò ìsọmọlórúkọ àti páásípọ́ọ̀tù la ń ṣe, èmi ni mo sì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ń pa irorẹ́ rẹ́. Mo ń mú ojú mọ́lẹ̀. Bí eyín ẹnì kan bá yọ, mo ń bá a dí àlàfo rẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí oníbàárà tó máa sanwó kó tún di àbùkù ara rẹ̀ lọ́wọ́ relé.

Ibẹ̀ ni Dókítà ti bá mi. Kì í ṣe dókítà oníwòsàn o. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì, obìnrin Ìjẹ̀bú tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ni tiwọn. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹran ni wọ́n ń yà lójú òfurufú: igún, àṣá, àwòdì jù lọ, àwọn tó ń rábàbà lókè ilé ìpẹran. Ẹ má bínú, Màámi. Mo rántí ọjọ́ tí àwòdì gbé òròmọdìẹ yín, tí ẹ sọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, tí bàtà há sórí páànù ará ilé kejì. Irú ẹyẹ yẹn náà ni mo wá ń fún ní ẹwà.

Ooru ti ba kọ̀ǹpútà Dókítà jẹ́, ni wọ́n bá kó gbogbo fọ́tò wọn sínú tiwa kí n lè máa bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì nu ti inú kámẹ́rà kúrò kí wọ́n lè máa ya tuntun. Wọ́n ní bí a bá parí iṣẹ́ náà, àwọn á gbà mí sí ọ́fíìsì àwọn, n óò sì máa ti ibẹ̀ kàwé sí i. Ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn, tí inú yín dùn.

Ẹyẹ tó ń fò ṣòro ní títúnṣe. Ọ̀run mọ́lẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà abẹ́ apá rẹ̀ máa ń jáde dúdú bí èédú. Bí ẹ bá kàn tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀, ọ̀run á funfun báláú, ẹyẹ á wá dà bí ohun tí wọ́n fi síísọ̀ gé lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀run sílẹ̀, kí n gbé abẹ́ apá nìkan sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ilà ara ìyẹ́ á fi hàn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ojú ẹyẹ mú ṣáṣá láì fọwọ́ kan ìyókù. Mo máa ń gé fọ́tò kí ààyè tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, kó lè dà bíi pé ó ríbi ń lọ. Eruku ọyẹ́ tó mú ọ̀run pọ́n, Dókítà ní kí n má nù ún, pé bí ọ̀run ibí ṣe rí nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kìlọ̀ fún mi: kí n má dí àlàfo ìyẹ́ kankan. Ìyẹ́ àwòdì máa ń já. Òmíràn ní àlàfo lápá òsì, òmíràn ìrù rẹ̀ ya. Àlàfo yẹn ni Dókítà fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn kan náà ló ń padà wá sí ilé ìpẹran lójoojúmọ́, tàbí àwọn àlejò ni. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí dá wọn mọ̀. N kì í parọ́ fún yín: kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó wọn ní ìlú yìí.

Lọ́jọ́ kan mo bá Àǹtí gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá rí i pé iṣẹ́ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n la gbogbo fọ́tò náà já. Gbogbo àlàfo tí wọ́n rí, wọ́n dí i. Wọ́n mú ìyẹ́ ọ̀tún, wọ́n fi pa ti òsì. Ìrù tó ya, wọ́n so ó pọ̀. Inú kọ̀ǹpútà wa kéré, nítorí náà bí a ṣe ń ṣe fọ́tò ìyàwó náà ni wọ́n ṣe é: èyí tó ti parí ni wọ́n tọ́jú sórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ sì parẹ́. Nígbà tí mo dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wá wo iṣẹ́ àgbà, pé àwọn ti wo gbogbo abirùn mi sàn.

Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

Dókítà dé, wọ́n ṣí fọ́tò kan, wọ́n bi mí pé èwo nìyí. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ṣí òmíràn. Ọ̀gá ń bèèrè lẹ́yìn wọn bóyá ó wù wọ́n, wọ́n ní kí Dókítà má ṣèyọnu owó, ọ̀fẹ́ ni tìyẹn. Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Nígbà tí Ọ̀gá wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n jókòó síta, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ ọ̀sán.

A ò lè tún wọn yà. Òjò ń bọ̀, àwọn àwòdì ti ń lọ. Èyí tó bá padà wá lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀ á ti hu ìyẹ́ mìíràn. Àwọn sójà tó mọ Dókítà, tí wọ́n ń jẹ́ kí Dókítà gbé kámẹ́rà sókè nítòsí ilé ìpẹran, ti lọ síbòmíràn. Àwọn tó rọ́pò wọn ní kí Dókítà gbé e sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Mo gbìyànjú, Màámi. Mo fi orí rántí wọn, mo tún àwọn àlàfo náà gé padà. Èyí tó jọ ti tẹ́lẹ̀ jù ni mo fi han Dókítà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní òótọ́ ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n wá ní àwọn ò lè lò ó, pé àwòrán tí èmi fọwọ́ ara mi yà ni, kì í ṣe ẹyẹ tí kámẹ́rà rí. Ohùn wọn ò le rárá. Ì bá sàn fún mi ká ní ó le.

Dókítà ń padà sí Ìbàdàn, wọ́n ti kó ẹrù kúrò ní ọ́fíìsì tí wọn ì bá gbà mí sí. Ẹ ti ní bí kò bá rọgbọ, kí n máa bọ̀ wálé. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ohun tí n óò bá nílé tí mi ò ní bá níbí. Owó oògùn Bàámi á ṣì máa wá, àmọ́ kò ní pọ̀ sí i bí mo ṣe ṣèlérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé kí wọ́n yé kí mi kú oríire.

Ọ̀gá ti tẹ fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn àwòdì náà jáde, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rò pé á tù mí nínú. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ napep máa ń dúró wò ó, wọ́n á na ọwọ́ sí i, wọ́n á máa pè é ní shirwa, orúkọ rẹ̀ ní Hausa, wọ́n á ní irú ẹyẹ wo ló dára tó báyìí. Ó dára lóòótọ́. Kò sí ìyẹ́ kan tó dín lára rẹ̀. Kò sì sí irú rẹ̀ kankan tó fò rí lókè ìlú yìí.

Kí Ọlọ́run bá mi dá yín sí. Kí ara Bàámi le, kí adìyẹ yín máa pọ̀ sí i. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí gbogbo ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ní kí n kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá