Dókítà Tí Kò Tíì Ṣe Fírídọ̀ọ̀mù

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Lábísí,
Ọ̀wọ̀.
Oṣù Kẹta, 1996.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Boniface,

Mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo mọ̀ pé ara yín le, torí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe ti ẹni tí ara ń ro. Àwa náà wà láàyè, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ Ìyá kọ́ṣẹ́, kí a dúró títí ẹ ó fi mú un lọ bá dókítà ńlá ní Ìbàdàn. Bọ̀dá mi, wọ́n ti fi kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo mú un lọ. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ wá fi mí se ọbẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní puráímárì ni Ìbàdàn yín ti ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣan ẹsẹ̀ Ìyá ti nípọn ju okùn màlúù lọ. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò jiná. Kò sí eṣinṣin kan láti Òkèlúsé dé Ẹlẹ́gbẹ́ka tí kò mọ ilé wa. Nọ́ọ̀sì ní tí a bá tún dúró, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà.

Ní ilé ìwòsàn tí mo mú un lọ ní Ọ̀wọ̀, wọn kì í dá èèyàn dúró. Wọ́n á ṣe é láàárọ̀, ẹ á máa lọ sílé yín. Ìyá ò mọ̀, ó ti di ẹní, ó gbé ìkòkò. Àwọn tó jókòó ní, "Màmá, ṣé ẹ kó wá ni?" Dókítà Olúgbádé ni ọ̀gá, ó ń kọ́ àwọn dókítà bí wọ́n ṣe ń di iṣan tó bàjẹ́, tí wọ́n á sì yọ ọ́. Dókítà Rhoda tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ.

Ìyá wò ó tòkè-tilẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù?" Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì! Dókítà Rhoda ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Mà, ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò ní kúrò lẹ́yìn mi."

Mo ti ń wá ìkòkò wa, mo rò pé ilé yá nìyẹn. Ni Ìyá bá fọwọ́ kan apá búláòsì rẹ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ rán láyé mi, tí apá kan gùn ju ìkejì lọ, tí Ìyá sì ń wọ̀ lọ sí Máàsì. Ó ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Akọ́ṣẹ́ ló rán èyí fún mi, kò sì pa mí."

Wọ́n fabẹ́rẹ́ pa ẹsẹ̀ náà kú. Ojú Ìyá là sílẹ̀, èmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀gá sọ̀rọ̀: "Dúró. Fìka wá iṣan náà ná kí o tó gé." Ọwọ́ Dókítà Rhoda dúró gbagidi. Ká ní Ìyá Lábísí, ọ̀gá tèmi, ni, rúlà ì bá ti sọ̀ sí mi lórí.

Ìyá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde pẹ̀lú báńdéèjì dé itan. Èmi ni mo ru ìkòkò. Egbò ti ń gbẹ báyìí, àwọn eṣinṣin ti ń wá ilé mìíràn.

Ẹ lè bínú, mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Dókítà ńlá Ìbàdàn yẹn náà, ẹsẹ̀ ìyá ẹnìkan ló fi kọ́ṣẹ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní Èkó. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, iṣan tiyín ò sì ní wú.

Èmi ni àbúrò yín olóríkunkun,
Theresa.

Mo tún rántí: mo ní kí Ìyá mú búláòsì náà wá kí n gé apá tó gùn. Ó ní kí n má dán an wò, bó ṣe wà yẹn ni òun máa wọ̀ ọ́ lọ sí fírídọ̀ọ̀mù Dókítà Rhoda.